Àgbà Tó Ṣubú Nínú Orin

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ládi dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá, èrò kún ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà fọ́fọ́, ṣùgbọ́n Rìnsọ́lá ló jókòó tì í, òun ni Bàbá sì fi fìlà rẹ̀ lé lọ́wọ́ kó tó lọ balẹ̀.

Ọjọ́ ọdún ni fún àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé ní àgbègbè Grand Concourse, ní Bronx, Amẹ́ríkà. Christina, tó ń gbé ní àjà karùn-ún ilé tí Bàbá Ládi ń bójú tó, ló pè é wá, nítorí pé Bàbá bá a tún híítà rẹ̀ ṣe láàárín òtútù. Bàbá Ládi sì fa Rìnsọ́lá, tí wọ́n jọ ń ta gòjé, dání. Ó ní orin yóò wà níbẹ̀, ibi tí orin bá sì wà, kò yẹ kí àwọn méjèèjì wà nílé. Awò ojú rẹ̀ ló fi sílé. Ó ní etí ni wọ́n fi ń gbọ́ orin.

Bí wọ́n ṣe jókòó, orin bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn arúgbó mẹ́rin wọlé. Ẹ̀yìn wọn tẹ̀, irun wọn funfun bí òwú, ọ̀pá ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wúkọ́ bí ẹni tí èémí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣíwájú fẹsẹ̀ kọ níwájú Bàbá Ládi gan-an. Bàbá Ládi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọmọ Abẹ́òkúta, kò lè jókòó kí àgbà máa kọjá. Ó bọ́ fìlà, ó tú bọ́tìnì kóòtù, ó sì na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa."

Orin dúró. Arúgbó tó wà níwájú wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ṣí ìbòjú igi tó fi bojú. Ọmọbìnrin kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń to eyín ń dán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde," Rìnsọ́lá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọmọdé ni. Ìbòjú ni wọ́n gbé wọ̀."

"Ọmọdé báwo?"

"Kò lè ju ọdún méjìlá lọ, sà."

Bàbá Ládi rò ó fún ìgbà díẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Kò gbà rí pé òun ṣe àṣìṣe, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹni tó bá ti gbé ojú àgbà wọ̀, àgbà ni," ó wí. "Mi ò dìde títí yóò fi súre fún mi."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í lédè òyìnbó bóyá nǹkan kan ń dùn ún. Bàbá Ládi fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní, "Àmín."

Láti Highbridge títí dé Laurelton, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ìtàn yìí. Nígbà tí Bàbá Ládi wá kú lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan fún ìsìn ìrántí rẹ̀, kálukú ti ń pọ́n ìtàn tirẹ̀ bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ. Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn, àfi ọ̀kan. Ọ̀kan náà sì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù: bí Bàbá Ládi ṣe gbàgbé ibi tó dé, tó sọnù láàárín orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, níwájú gbogbo èrò, ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé.

Irọ́ ni ìtàn yẹn. Bàbá Ládi kò sọnù. Ẹni mẹ́ta ló mọ òótọ́ ibẹ̀, nínú àwọn mẹ́ta náà, Rìnsọ́lá ló ni ẹ̀bi. Ṣìmí, ọmọ Bàbá Ládi, kò mọ èyí, ló fi pè é lórí fóònù pé, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti ilé ìkàwé. Ìyẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù." Rìnsọ́lá ní òun gbọ́. Kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí Bàbá Ládi jẹ́. Daniel Ọládiméjì Johnson ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ súpà ilé kan ní Grand Concourse: ó ń tún páìpù ṣe, ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn ayálégbé yanjú ìjà. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò ní Abẹ́òkúta, àlùfáà kan ti kọ́ ọ ní ṣẹ́lò, gòjé ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún ta. Ṣẹ́lò yìí ló gbé wá sí Amẹ́ríkà, àpótí aṣọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ẹni mẹ́rin ló máa ń jókòó yíká ní pálọ̀ rẹ̀. Rìnsọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, á wá láti Laurelton pẹ̀lú fayolíìnì rẹ̀; òun ló ń ta ohùn àkọ́kọ́, òun ni àwọn yòókù ń wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Muhideen, ọmọ Ìbàdàn, Àlàájì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa takisí, ló ni fíólà, tó fi díẹ̀ tóbi ju fayolíìnì lọ. Bàbá Ládi ló ni ìsàlẹ̀. Ẹni kẹrin wọn kó lọ sí Texas, ni Christina, tó ń ta fayolíìnì fún àwọn oníjó Mẹ́síkò, bá gba àyè rẹ̀. Orin inú yàrá ni wọ́n ń ta, ohùn mẹ́rin péré, láìsí ẹni tó ń darí. Kálukú ń gbọ́ ti ẹnì kejì kó tó sọ tirẹ̀.

Ní Sọ́ńdè kan, ayálégbé kan pe súpà pé kó wá kìlọ̀ fún àwọn tó ń pariwo gòjé ní àjà tó wà lábẹ́ tirẹ̀. Bàbá Ládi gbé ṣẹ́lò ti ògiri, ó gbé fóònù, ó ní, "Ẹ má bínú. Mo ń bá wọn wí nísinsìnyí." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ti fèrèsé, ó yíjú sí àwọn mẹ́ta. "Mo ti bá yín wí. Ẹ jẹ́ ká gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkàn Bàbá Ládi kò kúrò lára ijó yẹn mọ́. Ijó Àwọn Arúgbó ni wọ́n ń pè é. Àwọn Purépecha ló ni ín, ẹ̀yà kan tó ti wà létí adágún omi wọn ní Mẹ́síkò kí òyìnbó Sípéènì tó débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé ojú arúgbó wọ̀, wọ́n á tẹ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n á máa gbọ̀n. Lójijì, ẹsẹ̀ á yá, bàtà onígi á máa ró lórí ilẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, arúgbó á máa fò bí ọmọ ewúrẹ́. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan á ṣubú. Orin á dá. Àwọn yòókù á dúró tì í títí yóò fi dìde, ijó á sì máa lọ.

Bàbá Ládi ní òun fẹ́ kọ ọ́ fún gòjé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò gbà láti kọ àmì orin kan ṣoṣo sílẹ̀ kí òun tó gbààyè. "Orin tó ní bàbá," ó wí, "a kì í gbé e jó láìkí bàbá rẹ̀."

Christina bá pe ìyá rẹ̀ àgbà ní abúlé wọn, lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni màmá náà. Bàbá Ládi wọ kóòtù, ó de táì, ó fi ìpara pa bàtà rẹ̀ tí fóònù kò ní rí. Ó kí màmá ní èdè Yorùbá tán pátápátá kó tó jẹ́ kí Christina túmọ̀ ohunkóhun. Màmá wò ó títí, ó sọ nǹkan kan, Christina sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n wí?" Bàbá Ládi béèrè.

"Wọ́n ní ṣé arúgbó gidi ni yín, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ ṣí ìbòjú yín."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, màmá fún un láàyè. Àdéhùn kan péré ló bá a ṣe: ẹni tó bá ṣubú nínú orin náà, kí wọ́n dúró dè é. Ó ní a kì í jó kọjá lórí àgbà. Bàbá Ládi tẹrí ba níwájú fóònù. "Mo gbọ́, Màmá. A ó dúró."

Bó ṣe di pé ó ń kọ orin nìyẹn. Kò gbà kí wọ́n bá òun wá ìwé orin. Ó ní ìlà inú èyí tó wà ní ilé ìtajà ti fún jù. Ó fi okùn so bírò márùn-ún mọ́ òòyà onígi, kó lè fa ìlà márààrún tí wọ́n ń kọ àmì orin sí lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, àfi pé bírò àárín kò yọ yíǹkì.

"Bàbá, ìlà kẹta dà?" Rìnsọ́lá béèrè.

"Ó wà níbẹ̀. Ìwọ ni o kò tíì rí i."

"Ládi," Muhideen ní, "ìlà tí a kò rí, orin tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ la ó ta lórí rẹ̀."

"Ìyẹn á ṣì dára ju bí o ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀ lọ."

Wọ́n fi ìlà mẹ́rin kọ́ orin náà fún odidi oṣù kan. Orin náà sì dùn. Rìnsọ́lá kò retí pé yóò dùn tó bẹ́ẹ̀. Fayolíìnì méjèèjì á máa gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó, fíólà á máa wúkọ́, ṣẹ́lò á máa fi ọ̀pá kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á sáré pọ̀ débi pé òógùn á bo Muhideen. Níbi tó bá ti dùn jù ni ṣẹ́lò á ti kọsẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí bọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì dákẹ́. Bàbá Ládi á gbé orí lé ọrùn ṣẹ́lò rẹ̀, á dijú. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn á dúró sí.

Ibẹ̀ náà ni ìjà òun àti Rìnsọ́lá ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ètò ni Rìnsọ́lá. Ó ń to oògùn sínú àpótí bí ẹni to ọmọ ilé ìwé sórí ìlà, ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ibùdó bọ́ọ̀sì. Ó yẹ ìwé orin wò, kò rí iye kankan.

"Bàbá, kíkà mélòó la ó dúró?"

"Títí n ó fi dìde."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n mélòó ni? Mẹ́jọ? Méjìlá?"

"Rìnsọ́lá, ní ọsibítù yín, bí àgbà bá ṣubú, ṣé ẹ máa ń ka ẹsẹ̀ orin kí ẹ tó gbé e?"

"A máa ń kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, sà."

Muhideen rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé fíólà kalẹ̀. "Ládi, nọ́ọ̀sì ti mú ẹ!"

Rìnsọ́lá fi pẹ́ńsù kọ mẹ́jọ sórí ìwé tirẹ̀. Nígbà tó lọ mu omi, Bàbá Ládi pa á rẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ méjìlá. Bàbá Ládi pa ìyẹn náà rẹ́, ó sì kọ "Sùúrù" síbẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ kó má bàa ṣeé parẹ́.

Kò sì sí ìgbà méjì tí ìdákẹ́jẹ́ yìí dọ́gba. Ní Sọ́ńdè kan, kò ju kíkà mẹ́rin lọ tí ó fi dìde, nítorí pé ọbẹ̀ ń jóná lórí iná. Ní òmíràn, ó dúró, ó dúró, Rìnsọ́lá kà títí ó fi lé ní ọgọ́ta. Muhideen na ọrùn. "Nọ́ọ̀sì, lọ wò ó. Ó mà ti sùn." Ó ti sùn lóòótọ́. Christina fọwọ́ kàn án léjìká, ó lajú, ó sì mú orin láti ibi tó yẹ gan-an láìṣi àmì kan. Nígbà tí wọ́n parí, ó wo ojú gbogbo wọn. "Ẹ rí i? Bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn."

Wọ́n gbé ìtàn oorun yìí káàkiri, òun fúnra rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Òun ló jẹ́ kí èyí tí kì í ṣe òótọ́ rọrùn láti gbà gbọ́.

Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún ni wọ́n ta orin náà fún èrò nígbà àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan ní Bronx. Bí ogójì èèyàn ló wá. Rìnsọ́lá ti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ó pe ìyàwó pásítọ̀ rẹ̀, ó sì ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ṣeréṣeré. Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Àárín dára ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣẹ́lò kọsẹ̀, ó ṣubú, Bàbá Ládi gbé orí lé ọrùn rẹ̀, gbọ̀ngàn sì pa lọ́lọ́.

Rìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ní mẹ́jọ, ẹnì kan wúkọ́. Ní méjìlá, àga kan dún. Ní mẹ́rìndínlógún, ẹnì kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé orin ti parí, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó jalè. Ojú ti Rìnsọ́lá. Ó wo Bàbá Ládi, kò mira. Ní méjìdínlógún, Rìnsọ́lá gbé ọ̀pá fayolíìnì rẹ̀ sókè, ó mí kíkan, ó sì bẹ̀rẹ̀. Christina àti Muhideen tẹ̀ lé e, nítorí òun ni wọ́n ń wò.

Bàbá Ládi gbé orí sókè. Kò bínú. Ojú ẹni tó gbọ́ tí ẹsẹ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ń kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà ló ní. Ó wá orin kiri, ó sì bá wọn lẹ́yìn ìlà méjì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí àgbà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ìyàwó pásítọ̀ gbá Rìnsọ́lá mọ́ra. "Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbẹ̀ o. Bàbá ti gbàgbé pátápátá, ìwọ lo bo àṣírí wọn."

Rìnsọ́lá mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ohun tó sọ ni, "Ẹ ṣé, mà."

Bàbá Ládi ń nu okùn ṣẹ́lò lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó gbọ́. Ó fi aṣọ bo ṣẹ́lò rẹ̀, ó ní kí Rìnsọ́lá kí àwọn ará ilé, ó sì lọ wọ tréènì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Rìnsọ́lá ti mọ̀ pé ó di dandan kí òun lọ bẹ̀ ẹ́. Ó fi ètò sí i, bó ṣe ń fi ètò sí gbogbo nǹkan. Ikọ́ ti mú Bàbá Ládi, kò sí ìdánrawò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Sátidé àkọ́kọ́, Rìnsọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́. Sátidé kejì, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Sátidé kẹta ṣófo, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: aago méjì ọ̀sán, lọ bẹ Bàbá Ládi.

Ó pè é lórí fóònù nínú ọ̀sẹ̀ kejì. "Bàbá, ikọ́ yìí ńkọ́?"

"Ikọ́ kọ́. Mò ń kọ́ ijó arúgbó ni."

"Ẹ lọ rí dókítà, sà."

"Ṣé kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wá sórí ahọ́n Rìnsọ́lá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé pé a kì í bẹ àgbà lórí fóònù. Ìkúnlẹ̀ ló yẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kojú, pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ní ó di Sátidé. Bàbá Ládi kú ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé kẹta náà. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Sátidé ìsìn ìrántí. Ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, níbi tí àwọn mẹ́ta tó kù ti ń tún okùn gòjé wọn ṣe, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti súpà tó bá ara rẹ̀ wí. Rìnsọ́lá ń yí ìwé orin láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì.

"Àlàájì, bí mo bá sọ òótọ́, inú Ṣìmí á bàjẹ́. Ìtàn tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni."

Muhideen kò gbé ojú sókè. "Ìwọ tí o kò lè dúró fún Ládi fún ìṣẹ́jú kan, o ti wá fi oṣù méjì dúró kí o tó sọ òótọ́. Ó yẹ kó ti tó."

"Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, sà."

"Mo mọ̀. Èmi náà tẹ̀ lé ẹ. Ǹ bá ti jókòó kí ọwọ́ mi má mira, ṣùgbọ́n mo gbé e. Jáde lọ, èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Rìnsọ́lá jáde. Ṣìmí wà lórí ìjókòó àkọ́kọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ìtàn náà. Ìyàwó pásítọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Rìnsọ́lá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ó tò ó ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìwé náà, kò rí ọ̀rọ̀ kan kà.

"Wọ́n ní kí n sọ ti ilé ìkàwé," ó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ti ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ládi kò sọnù lọ́jọ́ náà. Wọn kò gbàgbé ohunkóhun. Ibẹ̀ ni orin náà ti ní kí àgbà ṣubú, kí àwa mẹ́ta sì dúró títí yóò fi dìde. Wọ́n ti fi ẹnu wọn ṣèlérí fún ẹni tó ni orin pé a ó dúró. Èmi ni mi ò dúró. Ojú àwọn àlejò mi ń tì mí. Mo kà dé méjìdínlógún, mo sì bẹ̀rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan yìn mí pé mo bo àṣírí wọn, mo ní ẹ ṣé. Wọ́n wà lẹ́yìn mi, wọ́n sì gbọ́. Mi ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ. Ṣìmí, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ má sọ ìtàn yẹn mọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Bàbá yín mọ orin wọn."

Ẹ̀rín ti kú. Ìyàwó pásítọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣìmí kàn ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Wọ́n ta orin náà ní ohùn mẹ́ta, Muhideen ló ń fi fíólà fa ohùn ìsàlẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìṣubú, wọ́n dúró. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ìyá rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó wúkọ́, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Muhideen ló kọ́kọ́ gbé ọ̀pá gòjé rẹ̀, ó fà á jẹ́jẹ́ níbi tí ṣẹ́lò ì bá ti dìde, àwọn obìnrin méjèèjì sì bá a lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Rìnsọ́lá jókòó sí igun kan, àwo rẹ̀ wà lórí itan, kò fọwọ́ kàn án. Christina wá bá a, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Èdè òyìnbó ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Rìnsọ́lá, ṣé o kà á lóòótọ́? Méjìdínlógún?"

"Méjìdínlógún. Mi ò lè gbàgbé."

Christina sún mọ́ ọn. "Bàbá ní kí n má sọ fún ẹ. Mi ò mọ̀ pé o kà á. Mo rò pé o kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a jọ wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé wa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, òun àti ṣẹ́lò rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò rẹ ń bọ̀, òun kò fẹ́ kí ojú tì ẹ́ níwájú wọn. Ó ní lónìí nìkan ṣoṣo, òun máa ka iye."

"Bàbá Ládi? Ka iye?"

"Ogún. Ó ní bí òun bá ti ka ogún, òun á dìde. Ó wá ní, 'Má sọ fún un o. Á rò pé òun ti borí mi.'"

Rìnsọ́lá wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín tó ti ikùn wá, débi pé àwo bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí itan rẹ̀, Christina sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn yíjú wò wọ́n. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò tán. Nígbà tí yóò fi gbé ọwọ́ kúrò, ẹkún ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Muhideen rìn wá láti ìdí tábìlì oúnjẹ. "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé?"

Rìnsọ́lá na ìka méjì sókè.

"Méjì kí ni?"

Ó mi orí, ìka méjèèjì ṣì wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Muhideen wo ìka náà, ó wo ojú Christina. Ó fa àga kan wá, ó jókòó tì í, kò sì bi í léèrè mọ́.